Ọkùnrin Tí Ó Mọ Ẹyẹlé Sìn

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ ẹyẹlé sìn ju bí ó ti mọ ìyàwó gbé sílé lọ. Ìtàn rẹ̀ ni n ó sọ fún ọ, Oyèlékè, kí n tó dá ọ lóhùn lórí ẹjọ́ ìyàwó rẹ tí o gbé wá. O ti sọ tìrẹ tán. O ní obìnrin yìí ti di ẹrù, o ní obìnrin yìí fẹ́ padà sí Òkè Ọya, o ní kí èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lóbìnrin bá ọ bá obìnrin yìí wí. Ó dáa. Mu omi tí wọ́n gbé fún ọ, kí o sì pa ẹnu mọ́ títí n ó fi sọ tèmi tán.

Òkè Ọya ni ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ní ìlú kan tí ó gbẹ, tí ọyẹ́ máa ń la ètè ènìyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí obìnrin náà sí. Kúlíkúlí ló ń din tà. Bí ó bá gbé agbada kaná láàárọ̀, àwọn oníbàárà á ti dúró dè é kí òróró tó gbóná. Bí ó bá wúkọ́ nínú yàrá, obìnrin ilé kejì á ti ojú fèrèsé ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Kò sí ọjọ́ kan tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹyẹlé. Kò burú. Ènìyàn a máa fẹ́ràn nǹkan.

Ọ̀gá tí ọkùnrin náà ń bá ṣiṣẹ́ wá ní kí ó lọ máa bójú tó ilé ìlagi kan létí ọ̀sà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin gbà. Kò bi ìyàwó léèrè. Ó délé nírọ̀lẹ́, ó ní, "A ó kó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, bí ẹni ní kí wọ́n bu omi fún òun.

Ìyàwó ní, "A ó kó lọ síbo?"

Ó ní, "Ibi tí iṣẹ́ wà."

Obìnrin náà kò bá a jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Wàyí o, gbọ́ bí ọkùnrin yìí ṣe kó ẹyẹlé. Ó hun àgò tuntun, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ó tú ilé ẹyẹlé palẹ̀, ó to pákó rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ra ọkà bàbà ẹ̀kún àpò, ó ní ẹnu ẹyẹlé òun kò mọ àgbàdo ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó wá kan odó ìyàwó àti agbada tí ó fi ń din kúlíkúlí, awakọ̀ ní àyè ti tán. Ọkùnrin ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Ibo ni kò sí odó?" Oyèlékè, odó tí ìyá obìnrin náà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ni. Pákó ẹyẹlé ló gba àyè rẹ̀. Ọkùnrin jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbé àgò lé itan. Ìyàwó wà lẹ́yìn lórí ẹrù, eruku ń bò ó, láti Òkè Ọya títí dé etí ọ̀sà.

Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin náà kò sì mọ̀ pé òun ṣe ohun tó burú. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù.

Wọ́n dé. Ẹrù ṣì wà nílẹ̀ káàkiri, òjò ń pa ìkòkò, ọkùnrin ti gun àkàbà, ó ń kan ilé ẹyẹlé. Nígbà tí ó kàn án tán, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó ta àwọ̀n yí i ká, kí wọ́n lè máa wo ìta láìfò lọ. Ó ní ẹyẹlé tí a gbé dé ilé tuntun, bí a bá tú u sílẹ̀ kó tó mọ ilé, yóò fò lọ, kò sì ní padà. Òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní àbùkù kankan. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa rọra bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Ìyàwó ńkọ́? Ó sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí àpò gàrí, ó bá tirẹ̀ lọ.

O mọ bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Obìnrin tí ọkọ bá gbé wọ àdúgbò, ọkọ ló ń mú un kiri ojúlé. Yóò mú un lọ bá àwọn àgbà, yóò ní, "Ìyàwó mi rèé o, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà lọ, ilé gbogbo ti di ilé rẹ̀. Ó lè lọ tọrọ iyọ̀. Ó lè lọ fọn iná. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹnìkan á yọjú sí i. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a kò fi han ẹnikẹ́ni, àwọn ènìyàn kì í ṣàdédé wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọn kò mọ ẹni tí ó jẹ́, wọn kò sì mọ ẹni tí inú yóò bí bí wọ́n bá pè é jókòó. Wọn á dá a lóhùn bí ó bá kí wọn, wọn á sì gba ọ̀nà tiwọn lọ. Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí ọkùnrin náà. Inú rẹ̀ ló dàgbà sí.

Obìnrin náà dé ẹnu kànga, ó kí wọn kú iṣẹ́. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n gbọ́ pé Yorùbá rẹ̀ ti bá Haúsá gbé pọ̀, ọ̀kan nínú wọn bojú rẹ́rìn-ín. Wọ́n pọnmi tán, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí oṣù yí, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ó bẹ ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ kí àwọn àgbà àdúgbò yìí. Bí mo ṣe ń dá rìn láàárín wọn, bí olè ni mo rí."

Ọkùnrin ní, "Ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé. Ṣé ẹnu rẹ dí ni? Máa kí wọn."

Ó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ọkùnrin ní ọwọ́ òun dí. Ọwọ́ rẹ̀ dí! Ọwọ́ tí ó fi ń ṣa kòkòrò lára ẹyẹlé kò dí. Ọwọ́ tí yóò fi di ti ìyàwó mú ló dí.

Obìnrin náà kò mọ ẹja ọ̀sà sè. Edé tútù tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú abọ́ ń bà á lẹ́rù. Ó ní kí ọkọ jẹ́ kí òun bu díẹ̀ nínú ọkà bàbà tí wọ́n gbé bọ̀, kí òun lọ̀ ọ́, kí òun fi ro túwó, nítorí ẹnu òun kò tíì mọ oúnjẹ ibí. Ọkùnrin ní, "Ọkà ẹyẹlé nìyẹn. Jẹ ohun tí gbogbo ayé ń jẹ."

Ó ṣe, ẹyẹlé kan kọ oúnjẹ. Ọkùnrin gbé e sáyà. Kò dé ibi iṣẹ́ lásìkò, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì, ó lọ wá ẹni tí yóò bá a wò ó. Lọ́sẹ̀ náà gan-an, ìyàwó kọ oúnjẹ. Ọkùnrin ní agídí ló ń ṣe é. Ibà ni, Oyèlékè, ibà! Obìnrin náà dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n, láàárín àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ara rẹ̀ dìde nígbà tí ó yá.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi ni, n kò sì tíì dé ibi tí ó dùn.

Iṣẹ́ ilé ìlagi wá pọ̀. Ọkùnrin kò ráyè jókòó ti ẹyẹlé mọ́. Ó ní kí ìyàwó máa bá òun fún wọn lóúnjẹ. Ìyàwó ń fún wọn. Láàárọ̀, yóò gbé àpótí síta, yóò da ọkà sí àtẹ́lẹwọ́, yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ta ni kí ó tún bá sọ? Yóò sọ Haúsá fún wọn, yóò sọ Yorùbá, yóò ṣàlàyé fún wọn bí a ti ń fún òróró kúrò lára ẹ̀pà. Wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yé, wọ́n pa. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin ká àwọ̀n kúrò, gbogbo wọn fò sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí ilé náà ká, wọ́n sì padà sórí òrùlé. Ọ̀kan kò sọnù.

O mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa ẹyẹlé. Wọ́n ní kì í gbé ilé ìjà. Ilé tí ẹyẹlé bá kún orí rẹ̀, wọ́n ní ilé ìtura ni. Nítorí náà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọkùnrin náà. Ẹ wo ilé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ wo bí ó ti tutù! Òun náà a máa yan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, a gbé orí sókè, a wo òrùlé rẹ̀, a rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin apẹja kan ń gbé lójúlé kejì. Àgbàlagbà ni. Òun náà a máa ra ẹyẹlé, ṣùgbọ́n wọn a máa fò lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tí tiyín fi dúró?"

Inú ọkùnrin dùn. Ó na ẹsẹ̀. Ó pe ìyàwó pé kí ó gbé omi wá fún àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni.

Ó ní, "Ẹ wò ó, ẹyẹlé tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ má kàn sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kó mọ ilé. Oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kí ẹ tó máa po ti ibí mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá wà, nítorí èyí tí kò bá ní ẹgbẹ́, ojú ọ̀run ló ń wò. Bí ó bá sì kọ oúnjẹ, ẹ má bínú sí i. Ẹ wò ó bóyá ara rẹ̀ kò yá ni."

Ìyàwó wà níbẹ̀. Ó gbé omi dání, ó ń gbọ́. Omi ń dà sí i lọ́wọ́, kò mọ̀.

Apẹja mi orí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó gba omi, ó mu ún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó wá yíjú sí ọkùnrin, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ má bínú o, ta ni obìnrin yìí? A máa ń rí i lẹ́nu kànga. Àwọn ará ilé mi ní bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni."

Ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó mi mà ni!"

Apẹja kò rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà yẹn dìde lórí ìjókòó, ó ṣí fìlà, ó ní, "Háà! Ìyàwó wa, ẹ dákun, ẹ má bínú. Láti ìgbà òjò lẹ ti wà láàárín wa, a kò kí yín káàbọ̀. Kí ni orúkọ yín?"

Obìnrin náà sọ orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í. Ó sọ ọ́ tán, omijé sì gbọ̀n sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ó wá wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ bàbá yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kò ṣe é fún mi."

O gbọ́? Bí ó bá jẹ́ pé kò mọ̀ ni, à bá ní àìmọ̀ ló ń ṣe é, à bá sì dárí jì í. Ó mọ̀! Ó mọ̀ ọ́n dé ibi tí ó lè fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ jáde. Apẹja àti ìyàwó rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní àwọn kọ́ ló ṣẹ òun. Ó wọ ọkọ̀ padà sí Òkè Ọya, níbi tí odó ìyá rẹ̀ wà.

Ọkùnrin ti ibi iṣẹ́ dé. Ebi ń pa àwọn ẹyẹlé lórí òrùlé. Ó bu ọkà, ó dà á sílẹ̀, ó pè wọ́n. Wọ́n wò ó. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni wọ́n kọjú sí, níbi tí ọwọ́ tí wọ́n mọ̀ ti máa ń jáde wá. Ó pè títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn kan gba orí ọ̀sà lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí wọ́n sùn. Àwọn yòókù bọ́ sórí òrùlé apẹja, nítorí ìyàwó apẹja a máa jókòó síta, a máa da ọkà sílẹ̀, a máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin lọ bá apẹja, ó ní kí ó dá ẹyẹlé òun padà. Apẹja ní, "Èmi kò so wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ pè wọ́n. Bí wọ́n bá mọ̀ yín, wọ́n á bọ̀."

Ó dúró lábẹ́ òrùlé onílé onílé, ó ń pè.

Àwọn tí wọ́n ń yìn ín tẹ́lẹ̀ wá ń nawọ́ sí òrùlé rẹ̀ tó ṣófo. Wọ́n ní, kí ló wà nínú ilé yẹn tí ẹyẹlé fi sá? Wọn ì bá bi mí, n bá sọ fún wọn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

O ti wá dorí kodò, Oyèlékè. Gbé ojú sókè. Ìwọ kò sin ẹyẹlé, mo mọ̀. Ajá lo ní, ajá onírun gígùn tí o gbé bọ̀ láti Kòntàgórà, tí o so mọ́ igi níta yẹn. Lọ́sẹ̀ tí ẹ kó dé ìlú yìí gan-an lo fi okùn fà á kiri gbogbo ojúlé àdúgbò yín. O ní, "Ẹ má sọ ọ́ lókò o, tèmi ni, kì í bu ènìyàn jẹ." Kò sí ọmọ kékeré lójú pópó yín tí kò mọ orúkọ ajá náà. Bí ó bá ń kọjá, wọ́n á máa pè é. Lọ bi wọ́n ní orúkọ ìyàwó rẹ. Lọ bi wọ́n, kí o wá sọ ohun tí wọ́n wí fún mi.

Ta ló sọ fún mi? Òun ni. Ó wá síbí lánàá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ọ̀nà títí ó fi kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní kò yẹ kí ìyá ọkọ òun wà nílùú kí òun lọ láìkí i. Ẹ ti dé ìlú yìí láti ìgbà àgbàdo tútù títí a fi ń jẹ iṣu tuntun, èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, àná ni mo kọ́kọ́ fojú kan ìyàwó rẹ! Nígbà ìgbéyàwó yín, ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n lè rin ọ̀nà Òkè Ọya, o mọ̀. O sì mọ ọ̀nà ilé mi. O ti wá jẹun níbí ní Ọjọ́ Ìsinmi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ìwọ àti ajá. Ojú kò tì ọ́?

Kò sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa. Èmi ni mo tú ìdí ọ̀rọ̀, mo bi í títí ó fi sọ. Ó bá mi fọ abọ́ kó tó lọ.

Àwọn àgbà ní adìẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, ẹsẹ̀ kan ni yóò fi dúró. O rí ènìyàn tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, o ní ó ń ṣe agídí. Kí lo ṣe kí ó lè gbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀? Má sọ pé iṣẹ́. Má dárúkọ iṣẹ́ nínú ilé mi lónìí. O ní kí n bá ènìyàn wí, mo sì ti ń bá a wí láti ìgbà tí o ti jókòó.

O rò pé ó ṣì wà nílé, pé ó ń di ẹrù. Ó ti kúrò. Gáréèjì ló wà. Lánàá ló sọ fún mi pé òun yóò lọ láàárọ̀ yìí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Kò ṣèlérí fún mi. Má sáré, jókòó, n kò tíì tán. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ́kọ́ sọ èyí fún ọ, wàá lọ síbẹ̀ lọ gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá, wàá fà á wálé, wàá sì ní o ti ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi pìtàn.

Nísinsìnyí, máa lọ. Bí ó bá ní òun kò padà mọ́, bá a gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo èrò, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá gbà, má mú un lọ tààrà sílé. Di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó wà lẹ́nu títì, kí o má fo ojúlé kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bọ̀ níbí. Fi ajá yẹn sílẹ̀ níbi tí o so ó mọ́, ọmọ mi á fún un lómi. Bí ẹ bá dé, má já wọlé bí o ti máa ń ṣe, kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí o ti wọ ilé yìí, "obìnrin yìí, obìnrin yìí" ni mo ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Ó ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. N kò ní ṣílẹ̀kùn títí n ó fi gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ.